Páàṣì ni, àbí oògùn ẹ̀kán? Ìfiwéra fún òbí tí ojú ọmọ rẹ̀ ń ṣọ̀lẹ

Nǹkan mẹ́ta làwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ bí wọ́n bá ní "ojú ọmọ yìí kò dáa". Èkíní ni ojú tó wọ́: ẹyinjú kan ń wo ọ̀ọ́kán, èkejì yà sí ẹ̀gbẹ́ imú tàbí ẹ̀gbẹ́ etí. Èkejì ni ìpéǹpéjú tó já wálẹ̀, tó bo apá kan ojú. Ẹ̀kẹta ni ojú ọ̀lẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní amblyopia, òun sì ni kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀ nípa wíwo ojú ọmọ lásán. Ojú ọ̀hún lè mọ́ lóló, kó dúró ṣinṣin, kó má sì pupa rárá. Ọpọlọ ló ti pa á tì.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Láti ìgbà ìbí títí dé nǹkan bí ọmọ ọdún 7 tàbí 8 ni ọpọlọ ń kọ́ ìríran. Bí ojú ọ̀tún bá ń gbé àwòrán tó ṣe kedere wá, tí ti òsì ń gbé èyí tó rí bàìbàì wá, ti ọ̀tún ni ọpọlọ yóò máa gbà. Bó bá pẹ́, kò ní ka ti òsì sí mọ́. Ohun tó sábà ń fà á ni kí agbára ojú méjèèjì má dọ́gba, kí ojú kan wọ́, tàbí kí nǹkan dí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, bíi kátáráàtì tí wọ́n bí mọ́ ọmọ tàbí ìpéǹpéjú tó bo ọmọlójú. Nítorí náà, ohun méjì ni ìtọ́jú ní láti ṣe: kí ojú tó ń ṣọ̀lẹ rí àwòrán tó mọ́, kí a sì fi dandan mú ọpọlọ lò ó. Páàṣì (ohun ìbojú tí a fi ń bo ojú tó dáa) àti oògùn ẹ̀kán (atropine, tí a ń kán sí ojú tó dáa kó lè rí bàìbàì) ni a fẹ́ fi wéra nísàlẹ̀ yìí, orí méjèèjì yìí sì ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Bí ẹ bá fura sí ọmọ kékeré nílé, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan nígbà tó ń wo àwòrán lórí fóònù, ẹ ka oókan títí dé 20 lọ́kàn, kí ẹ wá bo èkejì. Bó bá jókòó jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bo òsì, àmọ́ tó ń gbá ọwọ́ yín dànù, tó ń na ọrùn, tó ń sunkún nígbà tí ẹ bo ọ̀tún, ojú ọ̀tún nìkan ló fi ń ríran. Bí kò bá tiẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò ní kí ẹ má lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "á lọ bó bá dàgbà", kí wọ́n má sì kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i lójú. Omi kankan kò lè yí ohun tí ọpọlọ ti pinnu padà, àwọn wọ̀nyí sì lè gbé àkóràn sínú ojú kan ṣoṣo tí ọmọ fi ń ríran.

Awò ojú ló kọ́kọ́ yẹ, kì í ṣe páàṣì

Kí ẹ tó ronú kan páàṣì tàbí oògùn, ẹ rí i dájú pé wọ́n yẹ ojú ọmọ wò bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ gbé àgbọ̀n lé, kó máa wo ilé kékeré kan tàbí bàlúùn nínú rẹ̀. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ yẹn bá gbé jáde fún ọmọdé láìkán oògùn kò ṣeé gbára lé, torí iṣan tó ń mú kí ojú rí nítòsí lágbára gan-an lára ọmọdé, kì í sì í sinmi bí wọ́n ṣe ń wò ó. Oògùn tó ń dá iṣan yẹn dúró ni wọ́n ní láti kán sójú rẹ̀ ná. Cyclopentolate ló wọ́pọ̀. Ó ń gbà tó ìṣẹ́jú 30 sí 45 kó tó mú, ojú dúdú bíi tiwa sì máa ń pẹ́ díẹ̀ ju ojú àwọn òyìnbó lọ, torí dúdú inú ojú máa ń di oògùn náà mú. Nígbà míì wọ́n á kán ẹ̀ẹ̀kejì. Bí wọ́n bá ti kán oògùn tán tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ bi wọ́n pé ṣé ó ti mú. Ọmọlójú á tóbi, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta á lójú títí dé ọjọ́ kejì. Kò sí ewu nínú ìyẹn.

Awò tí wọ́n bá kọ, kí ọmọ máa lò ó láti ìgbà tó bá jí títí tí yóò fi sùn. Òbí púpọ̀ ka èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ lásán, wọ́n fẹ́ bọ́ sórí "ìtọ́jú gangan" kíá. Awò ọ̀hún gan-an ni ìtọ́jú. Nínú ìwádìí kan tí àwọn PEDIG, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ojú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2006, wọ́n fún ọmọ 84 tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 7, tí agbára ojú wọn kò dọ́gba, ní awò nìkan. Ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn lórí pátákó ìdánwò tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ní ìlà-ìlà, ìdá 27 sì sàn pátápátá láìbo ojú rárá. Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba awò, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 12 sí 18. Níwọ̀n ìgbà tí ojú bá ṣì ń sàn sí i ní gbogbo àyẹ̀wò, ẹ má fi nǹkan míì kún un. Ibi tó bá dúró sí ni ẹ óò ti mọ ohun tó kù láti ṣe.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ awò jẹ́ kéré lójú. Férémù tí wọ́n ṣe fún imú gígùn kì í dúró lórí imú ọmọ tí àárín imú rẹ̀ rẹlẹ̀. Á yọ̀ wálẹ̀, ọmọ á máa wo nǹkan láti òkè rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní rọ́bà rírọ̀ níbi imú, tàbí kí ẹ fi okùn rírọ̀ so ó mọ́ ẹ̀yìn orí. Kí awò náà jẹ́ polycarbonate, ike líle tí kì í fọ́ bọ̀rọ̀, torí ọmọ tó jẹ́ ojú kan ló ní, kò yẹ kí dígí tó lè fọ́ wà níwájú ojú yẹn. Èyí tó sì ń dunni jù ni awò tí wọ́n ń lò fún ilé ìwé nìkan, tí wọ́n á fi pamọ́ sínú àpótí lópin ọ̀sẹ̀ kó má baà bàjẹ́.

Páàṣì

Bí awò bá ti ṣe ibi tó lè ṣe é dé, a óò bo ojú tó dáa. Ẹ tún un kà: *ojú tó dáa*. Ó ń ṣẹlẹ̀ pé ìyá àgbà tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún á rò pé ojú tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ní kí òun bò, bí ìgbà tí a ń di egbò. Ọmọ á wá ní oṣù kan gbáko tí ojú ọ̀lẹ ń sinmi.

Wákàtí mélòó lójúmọ́? Ibí ni ìmọ̀ ti yí padà pátápátá. Láyé àtijọ́, àti òwúrọ̀ dé alẹ́ ni. Ìwádìí PEDIG ní 2003 fi hàn pé fún ojú tí kò burú jù (6/12 sí 6/24 lórí pátákó; 6/12 ni pé ohun tí ojú tó dáa rí láti mítà 12, mítà 6 ni ojú yìí ti máa rí i), wákàtí 2 lójúmọ́, tí ọmọ sì ń fi wákàtí kan níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó nílò wíwo nítòsí, bá wákàtí 6 dọ́gba: ìlà 2.4 ni àwọn méjèèjì fi sàn lẹ́yìn oṣù 4. Fún ojú tó burú gan-an, 6/30 sí 6/120, wákàtí 6 ṣe bí ohun tí bíbò ó láàárọ̀ ṣúlẹ̀ ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ọmọ ọdún 4 tí ojú rẹ̀ jẹ́ 6/18 máa fi páàṣì jí, kó fi sùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí.

Wákàtí 2 dà bí ohun tó rọrùn títí ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ẹ gba ojú rere rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló le jù. Ẹ yan àsìkò kan tí kò ní yẹ̀, kí ó jẹ́ ojúmọmọ. Agogo 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́ dára fún èyí tó ti ilé ìwé dé. Bí ẹ bá fi sí alẹ́, tí iná sì lọ, ojú tí kò ríran dáadáa tẹ́lẹ̀ ni ẹ ń ní kó ka ìwé nínú òkùnkùn. Kí ó fi wákàtí náà ṣe nǹkan tó nílò kí ojú ṣiṣẹ́: kó kun àwòrán, kó so ìlẹ̀kẹ̀ sí okùn, kó ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì tàbí ẹ̀wà, kó ta ayò. Eré orí fóònù náà dára, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ kó mọ̀ pé ìgbà tí páàṣì bá wà lójú nìkan ni fóònù máa ń wá. Kó má gun kẹ̀kẹ́, kó má dá sọdá títì, kí ẹ sì mú un lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn títí yóò fi mọ̀ ọ́n rìn.

Páàṣì tó ń lẹ̀ mọ́ ara ló dára jù nítorí kò sí àyè yíyọjú. Ibi tó tín-ínrín rẹ̀ ni a ń kọ sí imú, ibi tó gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́ etí. Kí awọ ara gbẹ dáadáa. Ẹ má fi ìpara tàbí òrí pa ojú kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ooru ni ọ̀tá rẹ̀ nílẹ̀ wa: òógùn á tú ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ọmọ á rí ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, á yí orí díẹ̀, á sì máa wò níbẹ̀ wòò. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣáá tó fi ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ lọ wo ẹ̀gbẹ́ páàṣì. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí òróró díẹ̀ rẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Fífà á já lẹ́ẹ̀kan ló ń bó awọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí i lórí kodò kí gọ́ọ̀mù má dúró sí ojú kan náà. Bí awọ bá ti bó, ẹ sinmi gọ́ọ̀mù fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ẹ lo páàṣì aṣọ.

Páàṣì aṣọ yẹn jẹ́ àpò kékeré tó ń wọ̀ mọ́ awò, tó sì ní ìyẹ́ kan tó bo ẹ̀gbẹ́. Télọ̀ tó mọ́wọ́ lè rán an láti ara aṣọ dúdú tó nípọn, ẹ lè fọ̀ ọ́, kò sì sí owó ojoojúmọ́. Èyí ṣe pàtàkì, torí páàṣì kan lójúmọ́ fún oṣù 6 jẹ́ nǹkan bí 180. Àmọ́ ó yẹ fún ọmọ tó gbọ́ràn nìkan: ẹni tó bá ti awò wálẹ̀ díẹ̀, á rí gbogbo ayé. Páàṣì dúdú olókùn tí wọ́n ń tà fún eré ọmọdé kò wúlò rárá, ó ń yọ̀ kiri.

Atropine

Ẹ̀kán atropine 1% ń ṣe iṣẹ́ páàṣì láìsí páàṣì. Ojú tó dáa náà ni wọ́n ń kán an sí. Ó máa dá iṣan ìríran nítòsí dúró, ojú tó dáa á wá máa rí ìwé bí ẹni tó ń wò láti inú kùrukùru, ọpọlọ á sì yíjú sí ojú kejì. Ẹ kọ Ọ̀TÚN tàbí ÒSÌ gàdàgbà sára ìgò náà ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á.

Ìfiwéra tó dájú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2002. Àwọn PEDIG pín ọmọ 419, láti ọmọ ọdún 3 sí ẹni tí kò tíì pé 7, sí páàṣì àti atropine. Páàṣì tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pé oṣù 6, ìlà 3.16 ni àwọn olópáàṣì fi sàn, ìlà 2.84 sì ni ti àwọn alátropine. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan tí ó yẹ kí òbí torí rẹ̀ bá ọmọ jà lójoojúmọ́. Ní 2004, wọ́n tún fi hàn pé kíkán an ní Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan bá kíkán an lójoojúmọ́ dọ́gba. Ẹ̀kán méjì lọ́sẹ̀, ó tán.

Bí a ṣe ń kán an: kí ọmọ dùbúlẹ̀, kó di ojú. Ẹ kán ẹyọ kan sí igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kí ẹ ní kó la ojú, oògùn á ṣàn wọlé fúnra rẹ̀. Kíá, ẹ fi ìka tẹ igun náà fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí oògùn má baà gba inú ihò omijé lọ sí imú àti ọ̀fun. Ẹ nu èyí tó bá dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ fọ ọwọ́ yín àti ti ọmọ.

Ẹ má fojú kéré ìgò náà. Ẹ̀kán kan ní nǹkan bíi 0.5 mílígíráàmù, ìgò 5 ml ní 50. Bí ọmọ ọdún 2 bá mu ún, ó lè pa á. Ibi tí ẹ ń tì ní kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ fi í sí, kì í ṣe ẹnu fìríìjì, kí ẹ sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 tí ẹ ti ṣí i.

Nílẹ̀ tí ibà pọ̀ sí, ohun kan wà tó yẹ kí ìyá mọ̀. Bí atropine bá wọ ara ọmọ jù, ara rẹ̀ á gbóná, ojú rẹ̀ á pọ́n, ẹnu rẹ̀ á gbẹ táútáú, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ó sì lè máa sọ ìsọkúsọ. Ó rọrùn láti pe èyí ní ibà, kí a fún un ní oògùn ibà, kí a tún wá kán atropine lọ́jọ́ kejì. Ara gbígbóná tí kò lóòógùn, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí ẹ kán oògùn: ẹ dá a dúró, kí ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́.

Oòrùn yóò máa ta ọmọ lójú, torí ọmọlójú á tóbi. Fìlà oníbèbè ṣe pàtàkì. Ọmọlójú náà lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn ẹ̀kán ìkẹyìn. Ẹ sọ fún olùkọ́ rẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú rẹ̀, torí bó bá ṣubú tó forí gbálẹ̀, ọmọlójú kan tó tóbi ju èkejì lọ ni àmì tí dókítà máa ń wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú ọpọlọ. Kí wọ́n mọ̀ pé oògùn ló fà á, kí wọ́n tó sáré.

Kò wúlò fún gbogbo ènìyàn. Bí ojú tó dáa bá jẹ́ irú èyí tí kì í rí ọ̀nà jíjìn, tó ń rí nítòsí láìlo awò, atropine kò ní dí i lọ́wọ́: ọmọ á bọ́ awò, á sì fi ojú yẹn kàwé lọ. Bí ojú ọ̀lẹ bá burú gan-an náà, ojú tí atropine ti sọ di bàìbàì lè ṣì ríran jù ú lọ, ọpọlọ á sì kọ̀ láti yíjú. Àwọn ọmọ tó ní Down syndrome (ipò kan tí a ń bí mọ́ ọmọ), ara wọn máa ń gba oògùn yìí le jù; kí dókítà mọ̀.

Ẹ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Páàṣì | Atropine 1% |
|---|---|---|
| Àkókò | wákàtí 2 lójúmọ́ (6 bó bá burú) | ẹ̀kán kan, Sátidé àti Sọ́ńdè |
| Bó ṣe ń yára | ó ń tètè hàn | ó ń falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ |
| Ṣé ọmọ lè yẹ̀ ẹ́? | bẹ́ẹ̀ ni, á yọjú tàbí ya á | rárá, bí oògùn bá ti wọlé |
| Bí wàhálà bá dé | ẹ yọ ọ́, ó tán | ẹ dá a dúró, àmọ́ agbára rẹ̀ ṣì lè wà lójú fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì |
| Ewu | awọ bíbó, ìṣubú | májèlé, oòrùn |
| Ojú àwùjọ | gbogbo ènìyàn rí i | ọmọlójú ńlá nìkan |

Lójú tiwa, ọmọ tí ojú rẹ̀ kò burú jù, tó ń ya páàṣì lójoojúmọ́, tí àwọn òbí rẹ̀ sì ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, atropine ló yẹ ẹ́. Èyí tí ojú rẹ̀ burú, tàbí tí ọmọ kékeré míì tó ń fọwọ́ kan gbogbo nǹkan wà nílé, ẹ lo páàṣì. Ọmọ tí kò tíì pé 3 náà, páàṣì. Èyí tó bá sì wù kí ẹ yàn, ẹni tó ń ṣe é ní ìdajì kò ní rí ìdajì èsì. Ó lè má rí nǹkan kan. Ẹ fi kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri, kí ọmọ fúnra rẹ̀ máa lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọjọ́ tó bá ṣe é, kí dókítà rí òtítọ́ nígbà tí ẹ bá padà lọ. Bí kò bá sàn, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé wákàtí mélòó ni gan-an.

Ẹ padà lọ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, kí wọ́n wo ojú *méjèèjì*. Ojú tí à ń bò tàbí tí à ń kán oògùn sí lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀lẹ náà. Ó máa ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá tètè rí i.

Àwọn yòókù, ní ṣókí

Fílíìmù Bangerter jẹ́ bébà tó mọ́ bí ọ̀rá, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ inú awò níwájú ojú tó dáa, kó lè rí bàìbàì. Ọmọ ń lò ó láàárọ̀ ṣúlẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í fiyè sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, ìlà 1.9 ló fi sàn níbi tí páàṣì ti fi 2.3 sàn. Ó dára fún ọmọ ilé ìwé tójú ń tì, bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Eré inú ẹ̀rọ alágbékọ́rí, bíi Luminopia tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021 fún ọmọ ọdún 4 sí 7, ń fi àwòrán tó yàtọ̀ han ojú méjèèjì, wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. Ó gbowó lórí. Bí páàṣì bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ohun tó ń lé yín. Yíyí ojú sókè sódò àti àwọn "eré ìdárayá ojú" tó kún íntánẹ́ẹ̀tì kì í wo ojú ọ̀lẹ sàn.

Iṣẹ́ abẹ ojú wíwọ́ ń tún ìdúró ojú ṣe, kì í kọ́ ọpọlọ láti ríran. Ẹni tó bá ṣe é fún ọmọ tí kò sì bo ojú, ojú tó dúró ṣinṣin tí kò ríran ló ní.

Ó ti kọjá ọmọ ọdún 7 ńkọ́? Ẹ ṣì gbìyànjú. Nínú ìwádìí ọdún 2005, láàárín àwọn ọmọ ọdún 7 sí 12, ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi ìlà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn pẹ̀lú awò, páàṣì àti atropine. 25 ni ti àwọn tó lo awò nìkan. Láàárín àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17 tí wọn ò tíì gba ìtọ́jú rí, ìdá 47 ló sàn bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó fi páàṣì kún awò, 20 sì ni ti àwọn tó lo awò nìkan.

Dídáwọ́ dúró náà ní ọgbọ́n. Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́rin ni ojú rẹ̀ máa ń padà sẹ́yìn láàárín ọdún kan. Láàárín àwọn tó ń bo ojú fún wákàtí 6 tí wọ́n sì dá a dúró lójijì, ìdá 42 ló padà sẹ́yìn. Láàárín àwọn tó kọ́kọ́ dín in sí wákàtí 2, ìdá 14 péré ni. Ẹ máa dín in kù, kí ẹ má gé e.

Ilé ìwòsàn olùkọ́ni bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ojú. Ẹ̀yin tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò ojú ọmọ tí kò tíì pé 16 jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba, wọ́n sì máa ń ṣàyẹ̀wò àwọn ọmọ ọdún 4 sí 5. Bí ìwé rẹ̀ bá dé láti ilé ìwé, ẹ fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ ìpéǹpéjú ló já wálẹ̀

Níbí, ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ èyí tí kò ṣeé dúró dè. Ìpéǹpéjú tó já lójijì pẹ̀lú orí fífọ́ líle, tí ọmọlójú ojú yẹn tóbi, tí ẹni náà sì ń rí nǹkan ní méjì-méjì, lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ. Èyí tó wá pẹ̀lú ọrùn dídùn, tí ọmọlójú sì kéré, lè jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ló ya. Ilé ìwòsàn ńlá, lóru ọjọ́ náà. Èyí tó dáa láàárọ̀ tó ń wálẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, tó ń gbéra lẹ́yìn ìsinmi, lè jẹ́ myasthenia gravis, àìsàn tó ń mú kí iṣan ara tètè rẹ̀. Bí ẹ bá gbé yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 2 tó sì gbéra díẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Bó bá wá ń nira fún un láti gbé nǹkan mì tàbí láti mí, ẹ má dúró.

Fún èyí tó ń lọ fúnra rẹ̀, ẹ wo ohun tó fà á. Bó bá jẹ́ eéwo kékeré lórí ìpéǹpéjú ló ń wúwo lórí rẹ̀: aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná tó ṣeé fọwọ́ kàn, ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ Botox (èyí tí wọ́n fi ń mú ìhunjọ ojú rọ̀) tó ṣàn lọ síbi tí kò yẹ máa ń fa tirẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 2, ó sì sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀, torí agbára Botox fúnra rẹ̀ kì í ju oṣù 3 tàbí 4 lọ. Ẹni tí kò lè dúró lè gba ẹ̀kán apraclonidine 0.5% lọ́wọ́ dókítà; ó ń fún iṣan kékeré abẹ́ ìpéǹpéjú ní okun, ó sì ń gbé e sókè ní mílímítà 1 sí 2, fún wákàtí díẹ̀. Oxymetazoline 0.1% náà wà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2020 fún àgbàlagbà. Wọ́n á gbé e sókè, wọn ò wo ohun tó fà á sàn, wọn ò sì ní ṣiṣẹ́ níbi tí iṣan ńlá ti ya. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tó ní àìsàn ọkàn kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀. Ohun tó rọrùn jù ni wáyà tín-ínrín tí ẹni tó ń ṣe awò lè dì mọ́ ẹ̀yìn férémù láti gbé ìpéǹpéjú dúró. Kò ní jẹ́ kí ẹ ṣẹ́jú dáadáa, nítorí náà kí ẹ́ máa fi omijé àtọwọ́dá sójú, kí ẹ má sì fi sùn.

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ìpéǹpéjú tó já ni ọ̀rọ̀ méjèèjì pàdé lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ọ̀ọ́kán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ wo bóyá ìpéǹpéjú bo ọmọlójú, àti bóyá ó ń gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè ríran. Gbígbé àgbọ̀n yẹn fi hàn pé ó ń jà láti lo ojú náà; èyí tí kò gbé àgbọ̀n, tí ìpéǹpéjú sì bo ọmọlójú, ni ojú rẹ̀ ń ṣọ̀lẹ kíákíá. Iṣẹ́ abẹ lè gbé ìpéǹpéjú sókè láàárín wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, awò àti páàṣì ṣì ń dúró de ọmọ náà, àti wákàtí 2 ìrọ̀lẹ́.